Ẹ̀yìn Kan, Òrùlé Kan, Iwájú Gbalasa: Ọ̀rọ̀ Lórí Ahéré Iṣẹ́ Ẹlẹ́nìkan Nínú Ọgbà Ìgbafẹ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọ̀sán. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ṣẹ́ ilé yíyà, ẹ̀yin káfíńtà tó wá láti ìsọ̀ pákó ní Bódìjà, ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí àga ò kárí, ẹ kú ìdúró, ẹ kú sùúrù. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó bá rí i pé mo fẹ́ kọjá rẹ̀, kó kàn wúkọ́.

Àkòrí tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi ni "ilé kékeré fún iṣẹ́ àdáṣe nínú ọgbà ìgbafẹ́". Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Mo ní, ṣé kì í ṣe ahéré ni wọ́n ń wá orúkọ fún báyìí?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan. Ta ló ní yàrá tó lè jókòó sí nílé rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko tí ẹnikẹ́ni ò ní í kanlẹ̀kùn? Ẹ nawọ́. Mo rí ọwọ́ mẹ́rin. Lánlọ́ọ̀dù sì ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo mọ̀ wọ́n.

Àwa yòókù ńkọ́? Ọmọ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, obìnrin tó ń túmọ̀ ìwé fún àwọn ará òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń kọ ìtàn ìdílé rẹ̀, ibo ni kí wọ́n jókòó sí? Nílé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, tẹlifíṣọ̀n ń ké, ọmọ ń ké. Wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà wá sínú ọgbà, wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Atẹ́gùn ń fẹ́, ara tù wọ́n. Kò ní pẹ́ tí oòrùn á yí dé ojú kọ̀ǹpútà, wọn ò ní í rí ohun tí wọ́n ń kọ mọ́. Bí kò bá jẹ́ oòrùn, òjò ni yóò ṣú. Wọ́n á palẹ̀ mọ́, wọ́n á padà sínú ariwo. Àwọn wọ̀nyí ni mò ń kan ahéré fún.

Ẹ rántí pé ahéré kì í ṣe ilé. Àgbẹ̀ tó ní ahéré lóko, ó ní ilé nílé. Kò bá ahéré du yàrá, kò bá a du páálọ̀. Nítorí òjò, oòrùn àti ìsinmi díẹ̀ ló ṣe ń kọ́ ọ. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan wà, Henry David Thoreau. Ní 1845, ó kan ahéré tirẹ̀ sí ẹ̀bá adágún Walden ní Massachusetts, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní fífẹ̀, 15 ní gígùn. Gbogbo ohun tó ná sí i, ó ṣírò rẹ̀: dọ́là 28 àti sẹ́ǹtì 12 ààbọ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó sá kúrò láyé. Irọ́ ni. Ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni ahéré yẹn sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Concord, ó sì ń yà síbẹ̀ dáadáa. Ilé wà nílé.

Ohun tí ẹ̀gùn ọdẹ kọ́ mi

Bàbá tó bí ìyá mi, ọdẹ ni. Mo wà ní ọmọ bíi ọdún mẹ́sàn-án nígbà tó mú mi lọ wo ẹ̀gùn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìgboro, ẹ̀gùn ni ibi tí ọdẹ ń so mọ́ orí igi tó máa ń jókòó sí de ẹran. Igi ìyeyè kan wà ní òdìkejì, èso rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ rẹpẹtẹ, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹtu ń wá jẹun lálẹ́. Bàbá ti di igi mẹ́rin mọ́ àárín ẹ̀ka méjì. Tó bá jókòó, ìtí igi ńlá yẹn ló ń fẹ̀yìn tì. Lórí, ewé bò ó. Níwájú, kò sí nǹkan kan, gbalasa ni.

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò fi imọ̀ ọ̀pẹ bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè farapamọ́ dáadáa?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé ìfarapamọ́ ni mo bá wá ni, àbí ọdẹ?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ṣé ìfarapamọ́ la bá wá ni, àbí iṣẹ́? Ó lé ní ogún ọdún kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi, owó sì ni mo fi kọ́ ọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, inú ẹ̀gùn bàbá yẹn ló ti wá: ẹ̀yìn kan, òrùlé kan, iwájú gbalasa. Ẹni tó dá jókòó nílò ohun tí yóò fẹ̀yìn tì, ohun tí yóò bo orí rẹ̀, àti ibi tí ojú rẹ̀ yóò máa lọ. Tí ẹ bá ti fún un ní mẹ́ta yẹn, ẹ ti kọ́ ahéré. Tí ẹ bá fún un ní ògiri mẹ́rin pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, àpótí lẹ kàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí

Ahéré àkọ́kọ́ tí mo yà, mo wo àwòrán ilẹ̀ òyìnbó yà á ni. Mo jẹ́wọ́. Gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀, ó ń dán bí ojú omi, mo sì kọ iwájú yẹn sí ìwọ̀-oòrùn nítorí pé apá ibẹ̀ ni òdòdó wà. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún mi pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ tí a ṣí i, mo gbé iṣẹ́ tèmi wọ inú rẹ̀. Títí di aago kan, ó dára. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, mo ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Fóònù mi tó wà lórí tábìlì kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé ooru ti pọ̀ jù fún òun, ó bá kú fin-ín. Fóònù gan-an mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń jókòó sí.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ti fi ọgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń wá oòrùn kọ́lé síbi tí a ti ń sá fún un. George Bernard Shaw, ẹni tó ń kọ eré orí ìtàgé, ní ahéré iṣẹ́ kan nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Ayot St Lawrence, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kékeré ni, bíi ẹsẹ̀ bàtà 8 níhìn-ín, 8 lọ́hùn-ún. Ó gbé e ka orí irin tó ń yí, kí wọ́n lè máa tì í yí tẹ̀lé oòrùn bí oòrùn ṣe ń rìn. Ẹ gbọ́ o, wọ́n ń ti ilé kí oòrùn lè wọlé! Ohun tó tún dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé "Lọ́ńdọ̀nù" ló sọ ahéré yẹn. Bí àlejò tí kò fẹ́ rí bá dé, àwọn ará ilé á ní, "Ó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù." Wọn ò parọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní àwọn ẹbí tó ń yà láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹ lè sọ tiyín ní Èkó.

Tiwa yàtọ̀. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi dìgírì 7 àti díẹ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí àtàrí wa gangan, nínú oṣù kẹrin, àti nígbà tí oṣù kẹjọ bá ń parí lọ sínú oṣù kẹsàn-án. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, apá àríwá ló máa ń tẹ̀ sí lọ́sàn-án. Nígbà ọyẹ́, gúúsù ló máa ń tẹ̀ sí. Àmọ́ níbi yòówù kó tẹ̀ sí lọ́sàn-án, òkè ló wà. Etí òrùlé tó bá yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ti ká a lọ́wọ́ kò. Oòrùn tí etí òrùlé ò ká ni ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, tó ń rìn nílẹ̀, tó ń ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn yọ́ wọlé. Ti ìrọ̀lẹ́ ló burú jù, nítorí pé ilẹ̀ àti ògiri ti gbóná kó tó dé. Torí náà, ìwọ̀-oòrùn, ẹ dí i pa! Ẹ má fi fèrèsé síbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ibẹ̀ ni òdòdó gbogbo ayé wà.

Ó wá ku òrùlé fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá délé, ẹ wá ibi tí páànù wà tí kò sí àjà lábẹ́ rẹ̀. Láago méjì ọ̀sán, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín sókè sún mọ́ ọn, ẹ má fi kàn án o. Ẹ ó gbà á lára bí ẹni pé wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná sórí yín. Bí orí ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbà á látàárọ̀ nìyẹn. Àwọn bàbá wa tó fi koríko bẹẹrẹ bolé ní apá Ọ̀yọ́, tí àwọn ará igbó sì ń fi ewé gbọ̀dọ̀gì bo tiwọn, wọn ò mọ páànù, àmọ́ ara wọn tutù. Mo ti gbìyànjú koríko nínú ọgbà. Ó dára títí di ìgbà ọyẹ́, tí ẹnìkan dáná sungbó lẹ́yìn ọgbà, tí a fi gbogbo òru pọn omi. Mi ò dán an wò mọ́.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni òrùlé alápá méjì. Páànù wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, mo fi àyè bíi ìka ọwọ́ mẹ́jọ sílẹ̀ kí n tó kan àjà pákó. Etí àyè yẹn, mi ò dí i níhìn-ín, mi ò dí i lọ́hùn-ún, nẹ́ẹ̀tì ni mo fi bò ó nítorí àdán. Ooru tó bá ti ara páànù wá, atẹ́gùn á gbá a jáde kó tó kan àjà. Àjà yẹn náà ló ń gba ariwo òjò sára. Ẹ mọ bí òjò ṣe ń lu páànù, ẹni tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù á máa pariwo "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbọ́!"

Ẹnìkan á ní, ṣebí ẹ̀rọ amúlétutù wà? Ẹ dí gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ síbẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ta ló máa sanwó iná rẹ̀? Ta ló máa ṣọ́ ọ lálẹ́ kí wọ́n má jí i tú?

Ẹ̀yìn, àti ìbéèrè ìyá àgbàlagbà kan

Mo padà sórí ahéré àkọ́kọ́ yẹn, nítorí oòrùn nìkan kọ́ ló bà á jẹ́. Mo ṣe ilẹ̀kùn sí i, ilẹ̀kùn sì ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjì jẹ́ pákó pátápátá. Ìyá àgbàlagbà kan ń kọjá lọ pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀, ó dúró, ó bi mí pé, "Oníṣẹ́ ọwọ́, ta ni wọ́n tì mọ́nú àpótí yìí, kí ló jẹ?"

A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ lọ sí Freedom Park ní Èkó, ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí ìjọba òyìnbó tì mọ́ ibẹ̀. Theo Lawson, ayàwòrán ilé, ló yà á di ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí ní 2010, ó sì jẹ́ kí a ṣì lè mọ ibi tí iyàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ wo bí iyàrá yẹn ṣe kéré tó. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀n ahéré tí mò ń kàn. Ìwọ̀n kan náà, ẹnìkan ṣoṣo nínú rẹ̀. Kí ló wá sọ ọ̀kan di ẹ̀wọ̀n, tó sọ èkejì di ìgbafẹ́? Ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n ò rí iwájú, kò sì lè dìde kó lọ. Ìyàtọ̀ wọn ò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó lo ahéré yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì ló wá là mí lójú pátápátá. Mo bi í pé báwo niṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò kọ nǹkan kan." Kí ló dé? Ó ní gbogbo ìgbà tí ewé gbígbẹ bá ti ró kàùkàù níta, òun á dáwọ́ dúró. Òun ò mọ ẹni tó ń bọ̀, òun ò mọ̀ bóyá ẹnìkan dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ti ti kọ́kọ́rọ́, àmọ́ etí lòun ń fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ wò ó, àwa ọkùnrin tó ń yàwòrán ilé, ọ̀rọ̀ yìí kì í wá sí wa lọ́kàn. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, èmi sì fi ẹ̀yìnkùlé yí ọmọ ọlọ́mọ ká lọ́tùn-ún lósì.

Láti ìgbà yẹn, mi ò ṣe ilẹ̀kùn mọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, ẹ̀yin káfíńtà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ahéré kọjú sí gúúsù, pákó ni, ó dí láti ibi orúnkún títí kọjá orí ẹni tó jókòó. Kò sẹ́ni tó lè yọ́ wá yọjú wo ohun tó ń kọ, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ò sì ní í tàn sójú kọ̀ǹpútà. Lókè orí, mo fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀; nísàlẹ̀ orúnkún náà, àlàfo wà. Atẹ́gùn tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá nígbà òjò á gba ìsàlẹ̀ wọlé, á fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, á gbé ooru gba òkè jáde. Ìwọ̀-oòrùn dí pátá. Ìlà-oòrùn, lúfà ni mo fi síbẹ̀ tó ṣeé pa dé, nítorí òjò ìjì tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún, tó ń gbé igi ṣubú, apá ìlà-oòrùn ló ti máa ń já lù wá.

Iwájú kọjú sí àríwá. Ògiri ibẹ̀ ò ga ju tábìlì lọ. Ẹni tó ń kọjá á rí ẹni tó jókòó láti àyà sókè, á kí i tàbí kó má kí i. Ẹni tó jókòó á rí ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ẹnu ọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìgbà tó bá wuni lèèyàn lè jáde. Ó tún yanjú ìṣòro kan tí àwọn alábòójútó ọgbà ń bẹ̀rù, tí wọn ò fẹ́ dárúkọ níwájú èrò. Ibi tí gbogbo ayé ti ń rí ọ láti àyà sókè, o ò lè sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì, o ò sì ní í tọ̀ síbẹ̀.

Ìwọ̀n ńkọ́? Mi ò lo rúlà níbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ẹni tó ga jù nínú wa na apá méjèèjì. Ìnapá rẹ̀, bíi ẹsẹ̀ bàtà 6, ni fífẹ̀. Jíjìn rẹ̀ jẹ́ 5: tábìlì gba 2, àga àti ẹsẹ̀ gba ìyókù. Le Corbusier, ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán ilé tí òkìkí wọn kàn jù láyé ìgbà tirẹ̀, kọ́ ahéré kan fún ara rẹ̀ ní etíkun gúúsù Faransé ní 1952, mítà 3.66 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibùsùn sì wà nínú rẹ̀. Kò ṣe ilé ìdáná sí i, torí ilé oúnjẹ wà lára rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ má ṣe ìdáná. Ìyá oníbùkà wà lẹ́nu géètì.

Ẹsẹ̀

Ẹsẹ̀ ahéré, ọ̀rọ̀ ikán ni. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Bí igi ò bá kan ilẹ̀, ikán á sọ ọ̀nà nù. Mo máa ń da kọnkéré kékeré mẹ́rin, mo ri irin mọ́ ọn, igi wá dúró lórí irin. Ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ló wà láàárín ilẹ̀ àti pákó ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè fi ìgbálẹ̀ gbá abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tètè rí i bí ikán bá ti ń fi amọ̀ lànà gun irin. A ò gbẹ́ ìpìlẹ̀, a ò gé gbòǹgbò igi ẹnikẹ́ni. Ní ti pákó, ìrókò tàbí apá ni kẹ́ ẹ fi ṣe òpó. Wọ́n wọ́n, mo mọ̀. Arère dára fún àjà nítorí ó fúyẹ́, àmọ́ ẹni tó bá fi arère ṣòpó níta, ikán ló se àsè fún.

Ìdí mìíràn tó fi gbọ́dọ̀ ga ni omi. Agodi Gardens tí a fi ń yangàn yìí, ní 1980, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, nígbà tí odò Ògùnpa ya bo Ìbàdàn, àgbàrá ò yọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó dàgbà nínú wa níbí ṣì ń rántí. Ọgbà ìgbafẹ́ wa, etí omi ni púpọ̀ nínú wọn wà, ibẹ̀ náà sì ni ojú ti máa ń wọ èèyàn láti gbé ahéré sí. Ẹ bi àwọn ará àdúgbò ibi tí omi dé kẹ́ ẹ tó da kọnkéré. Ẹ wo òkè náà: mo gbé ọ̀kan sábẹ́ máńgòrò rí. Nígbà tí èso gbó, gbàmù lórí páànù, gbàmù! Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń fò sókè. Igi tí ẹ̀gà ń yé sí náà, ẹ yà fún un.

Iná, kí n sáré sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká á jẹ bíi wáàtì 50, fáànù kékeré 20. Fún wákàtí márùn-ún, wáàtì-wákàtí 350 nìyẹn. Páńẹ̀lì oòrùn oníwáàtì 100 lè gbé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ nínú oṣù kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú dùdù, á jáni kulẹ̀. Oníwáàtì 200 ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má gbé e sórí ahéré o, abẹ́ igi ni ahéré wà; ibi tí oòrùn bá wà ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ fa wáyà.

Mo gbọ́ ikọ́ o. Mo ti gbọ́.

Èyí tí a kàn fún ìfihàn wà níta lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, ní ẹ̀gbẹ́ igi odán. Ẹ lọ jókòó sínú rẹ̀, ẹ kọ nǹkan, ẹ wá sọ ibi tó kù sí fún mi. Ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ ní ìwé lọ́wọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ó rí pákó kan tó yọ síta níwájú ògiri tábìlì. Àlejò la ṣe ìyẹn fún: ẹni tó bá wá kíni á jókòó sórí rẹ̀, ara rẹ̀ á wà níta, ẹ̀yin á wà nínú. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má wọ inú rẹ̀ ní méjì-méjì tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò. Àga kan ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣeun o.